Bí A Ṣe Ń Yan Áńpù Gìtá fún Ohùn Tó Mọ́ àti Ohùn Tó Fọ́ Díẹ̀

Onígìtá tó bá ń wá áńpù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè iye wáàtì rẹ̀, òṣùwọ̀n agbára rẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni ibi tí yóò ti máa ta gìtá náà, àti bí ariwo ibẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó. Áńpù kan náà lè mọ́ kedere nínú yàrá, kí ó sì máa fọ́ tí ìlù àti báàsì bá wọlé.

Bí o bá ṣe ń yí fọ́lúùmù sókè ni áńpù ń lo agbára sí i. Níwọ̀n ìgbà tí agbára bá ṣì kù nílẹ̀ fún un, ohùn á jáde gẹ́gẹ́ bó ṣe wọlé. Tí agbára bá tán, orí ìgbì ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gé, ibẹ̀ ló ti ń fọ́. Ẹnu ààlà yẹn ni àwọn onígìtá ń pè ní crunch: ohùn ti fọ́ díẹ̀, síbẹ̀ etí ṣì ń dá okùn kọ̀ọ̀kan mọ̀.

1. Mọ ohùn tí iṣẹ́ rẹ ń fẹ́ jù. Nínú orin jùjú, gìtá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè máa dá ara wọn lóhùn. Bí ọ̀kan bá fọ́, á bo àwọn yòókù. Ẹni tó ń ta jùjú, highlife tàbí orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn tó mọ́ ni kó kọ́kọ́ ra. Crunch ṣeé fi pedal (àpótí kékeré tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn padà) wá lẹ́yìn náà, àmọ́ kò sí pedal tó lè sọ áńpù tó ti ń fọ́ di mímọ́.

2. Fi wáàtì díwọ̀n àyè tí áńpù ní kó tó fọ́, má fi díwọ̀n ariwo. Fender Twin Reverb, tó jáde ní 1963, ní wáàtì 85 àti sípíkà méjì oní-ínṣì 12. Deluxe Reverb ní wáàtì 22 àti sípíkà kan. Twin kò fi ìlọ́po mẹ́rin pariwo ju Deluxe lọ, torí pé dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 3 péré ni ìlọ́po méjì wáàtì ń fi kún ohùn. Kí etí tó gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ohun tí Twin fi ju Deluxe lọ ni pé ó ń mọ́ títí dé ibi tí Deluxe ti fọ́. Bó o bá ń fẹ́ crunch láti inú áńpù fúnra rẹ̀, Deluxe ni wàá gbádùn. Twin á ti di etí gbogbo ilé kó tó fọ́, ó sì wúwo tó kílò 29.

3. Yàn láàárín tube (ọ̀pá gíláàsì tó ń gbé ohùn sókè nínú áńpù) àti tirànsísítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tí kì í ṣe gíláàsì, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà). Tube máa ń fọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé bí ọwọ́ rẹ ṣe le tó. Tirànsísítọ̀ máa ń mọ́ títí, á wá fọ́ lójijì. Roland JC-120, oní-tirànsísítọ̀ tó jáde ní 1975, ni mo fẹ́ràn jù fún ohùn mímọ́, chorus inú rẹ̀, tó ń mú kí gìtá kan dún bíi méjì, dùn gan-an; distortion rẹ̀, ìyẹn ohùn fífọ́ rẹ̀, ni kò wù mí. Fún crunch, Vox AC30 àti Marshall JTM45 ni kó o gbọ́, oní-tube ni àwọn méjèèjì.

4. Gbé gìtá tìrẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta áńpù. Pa reverb, ìyẹn ohùn tó ń dún padà bíi ti inú gbọ̀ngàn, torí ó máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Fi bass, middle àti treble sí àárín, kí gain (bọ́tìnnì tó ń pinnu bí ohùn gìtá ṣe lágbára tó nígbà tó ń wọlé) wà nísàlẹ̀. Ta gìtá jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà kí o ta á kíkankíkan. Wá máa yí gain sókè títí ohùn á fi fọ́ nígbà tó o bá ta á líle, àmọ́ tó ṣì mọ́ nígbà tó o bá ta á jẹ́jẹ́. Dúró síbẹ̀, kí o dín fọ́lúùmù ara gìtá kù. Áńpù tó dáa á tún mọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tí kò bá dáhùn, má rà á.

Ẹni tó ń ta gìtá nílé lóru nílò master volume, bọ́tìnnì tó ń pinnu bí ohùn tó ń jáde ṣe pọ̀ tó: yóò gbé gain sókè, yóò sì rẹ master sílẹ̀. Áńpù Boss Katana 50 tiẹ̀ ṣeé rẹ̀ sílẹ̀ dé ìdajì wáàtì kan.

5. Wo ọ̀rọ̀ iná. Ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn áńpù tokunbo kó o tó sanwó. Fólíìtì 120 ni ti Amẹ́ríkà, 230 sì ni tiwa ní Nàìjíríà. Tó o bá ki áńpù Amẹ́ríkà bọ iná tiwa láìsí tirànsifọ́mà tó ń sọ 230 di 120, ó máa jó. Tó bá jẹ́ oní-tube, má tàn án láé láìso sípíkà mọ́ ọn. Má sì fúnra rẹ tú u, torí iná tó lè pani máa ń ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kódà lẹ́yìn tó o bá ti yọ ọ́ lójú iná.