Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó wá tajà bá yín ka iná ilé yín: àṣìṣe àwa onílé nínú iṣẹ́ sólà

Ọkùnrin tó wá wo ilé wa nígbà tí a kọ́kọ́ fẹ́ ṣe sólà kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó gbójú sókè wo òrùlé, ó yà á ní fọ́tò, ó ka gílóòbù pálọ̀, ó bi mí bóyá firíìjì kan la ní tàbí méjì, ó wá rẹ́rìn-ín: "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá ṣe é tán, ẹ ò ní í mọ̀gbà tí iná ń lọ mọ́." Mo fọkàn balẹ̀ lóòótọ́. Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn tí wọ́n parí iṣẹ́ tí ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná tí ilé ń lò, fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní aago méjì òru bí òròmọdìyẹ tó sọ ìyá rẹ̀ nù. Lẹ́yìn igbe náà, òkùnkùn.

N kò lè pè é lólè. Gbogbo ohun tó kọ sínú ìwé ló gbé wá, kò yọ ọ̀kan. Ẹ̀bi tèmi ni pé ẹni tó ń tajà ni mo ní kó sọ iye ọjà tó yẹ kí n rà. Mo ti bá onílé tó pọ̀ sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, àwọn tí iṣẹ́ tiwọn bàjẹ́ ju tèmi lọ sì wà níbẹ̀. Ibi kan náà ni ẹjọ́ gbogbo wa ti ń bẹ̀rẹ̀: kọ́ńpìnnì ti dé ẹnu ọ̀nà kí a tó mọ iye iná tí ilé wa ń jẹ.

Pípe kọ́ńpìnnì kí a tó ka iná ilé

Wáàtì ni gbogbo wọn máa ń sọ, ṣùgbọ́n wáàtì nìkan kò tó. Wáàtì ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń fa iná tó. Tí ẹ bá fi iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí wáàtì-wákàtí, ìyẹn gan-an sì ni ẹrù tí bátìrì máa gbé. Fáànù tó ń fa 70 wáàtì, tó yí fún wákàtí 10, ti jẹ 700.

Ilé tiwa rèé, bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan nígbà tí ojú mi là. Fáànù méjì láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di méje àárọ̀, 1,400. Tẹlifíṣọ̀n tó ń fa 100 wáàtì fún wákàtí márùn-ún, 500. Gílóòbù mẹ́jọ oní-10 wáàtì fún wákàtí mẹ́fà, 480. Firíìjì kì í fi gbogbo ìgbà fa iná, ó ń tan ó ń pa, nǹkan bí 600 ló ń jẹ láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀. Ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, 120. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,100 lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, torí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú iná tó ń pín fún wa. Ó di 3,400.

Bátìrì ásíìdì méjì, oní-fólítì 12, ámpíà-wákàtí 200, ni wọ́n gbé fún wa. Lórí ìwé, tí ẹ bá sọ 12 di púpọ̀ ní ọ̀nà 200, 2,400 wáàtì-wákàtí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bátìrì ásíìdì kì í fẹ́ kí èèyàn lò ó kọjá ìdajì; ẹni tó bá ń fà á gbẹ lálaalẹ́, kò ní í pẹ́ tí yóò fi ra òmíràn. Nítorí náà, nínú 4,800 tí wọ́n kọ síwájú mi, 2,400 péré ló ṣeé lò. Igbe aago méjì òru yẹn, ìṣirò ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé.

Ẹni tí kò bá fẹ́ máa ka ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mítà sì wà nílé rẹ̀, kó kọ nọ́ńbà ojú mítà sílẹ̀ láàárọ̀, kó tún kọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹyọ kan tó lé sí i jẹ́ 1,000 wáàtì-wákàtí. Kó ṣe é fún ọjọ́ méje gbáko, torí ọjọ́ tí a ń fọṣọ tí a ń lọṣọ kò dà bí ọjọ́ tí kò sẹ́nì kankan nílé. Kó sì pín in sí ọ̀sán àti òru, nítorí iná òru ni bátìrì ń gbé. Kọ́ńpìnnì tó bá dé tí kò bèèrè nọ́ńbà wọ̀nyí, tó kàn ní "èyí tó máa ń tó ilé oníyàrá mẹ́ta nìyí", ẹ kí i pé ó ṣeun, kó máa lọ.

Ẹ má gbàgbé pọ́ǹpù omi. Ohunkóhun tó bá ní mọ́tò, ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá ń ta jí, ó lè fa ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà iná tó kọ sí ara rẹ̀. Ínfátà tí ẹ bá rà tí kò lè gba ìfàya yẹn yóò kàn kú fìn-ín, ẹ ó sì máa rò pé wọ́n ta gbàrọgùdù fún yín.

Gbígba nọ́ńbà ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì gbọ́

Páńẹ́ẹ̀lì ni pátákó orí òrùlé tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná. Èyí tó jẹ́ oní-550 wáàtì máa ń gùn tó nǹkan bíi mítà 2.28, ó sì máa ń fẹ̀ tó mítà 1.13. Ẹ di nọ́ńbà méjèèjì yìí mú. Nígbà tí wọ́n ń dán páńẹ́ẹ̀lì wò ní ilé-iṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó tó 1,000 wáàtì ni wọ́n ń tàn sórí mítà kan níbùú-lóròó. Páńẹ́ẹ̀lì yẹn fẹ̀ díẹ̀ ju mítà níbùú-lóròó méjì àbọ̀ lọ, nítorí náà nǹkan bíi 2,580 wáàtì ìmọ́lẹ̀ ló bọ́ sí i lójú, tó sì sọ 550 di iná. Ìyẹn jẹ́ 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ jù lọ páńẹ́ẹ̀lì tí à ń rà sílé, láàárín 20 sí 24 ni wọ́n wà. Tí ẹnìkan bá wá gbé èyí tí kò tóbi ju ìyẹn lọ wá, tí wọ́n lẹ 1,000 wáàtì mọ́ ọn lẹ́yìn, a jẹ́ pé ó ń sọ fún yín pé páńẹ́ẹ̀lì òun ń sọ 39 nínú ọgọ́rùn-ún di iná. Irọ́ ni. Téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ ti tó láti fi mú un.

Èyí tó jẹ́ òótọ́ pàápàá, ẹ má retí kó pé. Ìwọ̀n ooru 25 ni wọ́n fi dán an wò, lórí òrùlé tí oòrùn ń ta gidi ó lè gbóná dé 60. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí 25 ń yọ nǹkan bí 0.3 sí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú agbára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni 550 ṣe ń di nǹkan bíi 480 lọ́sàn-án gangan. Ooru kì í ṣe ọ̀rẹ́ sólà, ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á gan-an kò mọ ìyàtọ̀.

Òjìji ńkọ́? Aago méjìlá ọ̀sán lọ̀pọ̀ wọn máa ń wá wo ilé, nígbà tí kò sí òjìji níbì kankan. Páńẹ́ẹ̀lì tí a so pọ̀ tẹ̀lé ara wọn dà bí àwọn tó ń bára wọn fa okùn: tí ọwọ́ ọ̀kan bá dẹ̀, gbogbo wọn ló máa mọ̀ ọ́n lára. Ẹ fúnra yín ya òrùlé ní fọ́tò ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ọjọ́kanrí, àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi hàn wọ́n. Ilé tó bá wà ní apá àríwá ayé, gúúsù ló yẹ kí páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọjú sí. Tẹni tó wà ní apá gúúsù, kó kọjú sí àríwá.

Òrùlé tó ti gbó, ẹ tún un ṣe ná. Páńẹ́ẹ̀lì lè lo ọdún 25 lókè, owó tí ẹ máa san láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ páànù, kí wọ́n sì tún gbé e padà, ẹ̀dùn ọkàn ni. Kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: tí òjò bá jò gba ojú ihò tí wọ́n lu, ta ni yóò dí i, fún ọdún mélòó?

Jíjókòó sí pálọ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ

Èyí ló dùn mí jù, torí ilé ló fẹ́ jó. Nígbà tí igbe òru sú wa, a pe ẹnjiníà mìíràn, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò tilẹ̀ tíì wo bátìrì. Ó lọ sídìí àpótí tí wáyà páńẹ́ẹ̀lì gbà wọlé, ó ṣí i, ó sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹ wá gbóòórùn ẹ̀, sà."

Mo tẹríba sí i. Òórùn ọ̀rá tó jóná.

Ọ̀kan nínú àwọn bírékà inú àpótí náà, ohun tó ń já iná tí nǹkan bá ṣẹ̀, ti di rọ́ndọ́nrọ́ndọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọ̀ rẹ̀ ti di ti iyẹ̀pẹ̀. Ó yọ ẹ̀rọ kékeré kan tó rí bí ìbọn tí wọ́n fi ń wọn ooru, ó nà án sí àwọn ẹnu wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan: 41, 40, 42, 78. Ó tún nà án sí ìkẹrin. 78. Orí wáyà tí wọ́n kì bọ ara wọn níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n. Wọ́n wọ ara wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin inú wọn kò dì mọ́ra dáadáa, ibẹ̀ sì ni iná ti ń gbóná.

Bírékà yẹn ńkọ́? Ti iná ilé lásán ni. Iná tó ń wá láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ń lọ ń bọ̀ ní ìgbà 50 tàbí 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ yí padà ló ń kọjá lórí òdo, torí náà tí bírékà bá já a, ìtapàrà rẹ̀ á kú. Iná páńẹ́ẹ̀lì ò mọ òdo. Ọ̀nà kan ló ń dorí kọ látàárọ̀ dalẹ́, tí bírékà tí kì í ṣe tirẹ̀ bá sì fẹ́ já a, iná náà lè máa jó nínú rẹ̀ bí iná àwọn tó ń jó irin pọ̀. Bírékà tó yẹ ní "DC" lára, ìyẹn iná ọlọ́nà kan, pẹ̀lú ilà gbọọrọ kan tí ilà gígé kéékèèké wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé kà lè wò ó. Èmi mọ̀wé kà. Pálọ̀ ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n ń dè é, mò ń wo bọ́ọ̀lù.

Ẹ dúró tì wọ́n. Ẹ ya gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ bò mọ́lẹ̀ ní fọ́tò kí wọ́n tó bò ó: ìdí irin lókè, wáyà ilẹ̀, inú àpótí, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara bátìrì. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í bínú sí fọ́tò.

Ìwé tí a ò kà

Wárántì kì í ṣe ọ̀kan. Ti ẹni tó ṣe páńẹ́ẹ̀lì wà, tí wọ́n sábà máa ń pè ní ọdún 25, ṣùgbọ́n pé agbára rẹ̀ kò ní í lọ sílẹ̀ kọjá ìwọ̀n kan ni ọ̀pọ̀ nínú ọdún yẹn ń sọ. Ti ínfátà wà, tó sábà máa ń jẹ́ ọdún 5 sí 10. Ti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó wá dè é tún wà, òun ló kéré jù, òun náà la sì máa ń nílò jù. Ẹ bèèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ìwé. Kọ́ńpìnnì ńlá náà ń kú: SunPower, ilé-iṣẹ́ sólà kan, ti wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1985, ó lọ kéde ní kóòtù ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Wárántì tí ọwọ́ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀ máa ń dúró ju ti ẹni tó kàn tà á lọ.

Ẹ má sanwó tán kí iná tó tàn. Ìdá kan kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìdá kan tí ẹrù bá délé tí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ìyókù lẹ́yìn tí ẹ bá ti sun òru mélòó kan lórí rẹ̀. Àwọn tó ń yáni ní sólà fún ogún ọdún ó lé, tí à ń san díẹ̀díẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ẹ̀kúnwó ọdọọdún sí. Ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọdún 24, owó oṣù yín ti di ìlọ́po méjì.

Ẹ bèèrè èyí náà: tí iná ìta bá lọ, ṣé tiwa á máa tàn? Sólà tí kò ní bátìrì, tí wọ́n so mọ́ iná ìta, ńṣe ló máa ń pa ara rẹ̀ tí iná ìta bá lọ, kó má baà pa òṣìṣẹ́ tó ń tún wáyà ṣe lórí òpó. Oòrùn á máa ràn, ilé á wà nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ onílé ni kò mọ̀ títí ọjọ́ tó fi ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Obìnrin ẹnjiníà yẹn kò jẹ́ kí a kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ínfátà àti páńẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀. Ó pààrọ̀ bírékà àti ẹnu wáyà, ó sì gbé bátìrì lítíọ́mù kan wá dípò méjì yẹn, oní-fólítì 25.6, ámpíà-wákàtí 200, tí a lè lò tó nǹkan bíi 4,100 nínú 5,120 rẹ̀ lóru láìṣẹ̀ ẹ́. Ìwé kékeré mi ló fi ṣírò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, fóònù mi dún. Ọkùnrin àkọ́kọ́ ni. "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé ẹ ti pààrọ̀ bátìrì." N kò sọ fún un. Áàpù tí ínfátà fi ń ròyìn, orúkọ rẹ̀ ló fi ṣí i, páswọ́ọ̀dù rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èmi kàn jẹ́ àlejò lórí rẹ̀ ni. Gbogbo àkókò yẹn ló ń rí ìgbà tí a ń jí, ìgbà tí a ń sùn, àti ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sí nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí kí n tó gba ilé mi kúrò lórí fóònù rẹ̀.