Bí Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́ Ṣe Lè Jáde Láti Ìlọrin Dé Èsìẹ́, Kí Ẹnikẹ́ni Má Kù Sọ́nà

Bí ọkọ̀ ẹnì kan bá kú lẹ́yìn Ìdòfíàn, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti dé Òrò kí wọ́n tó fura pé kò tẹ̀ lé wọn mọ́, ẹ má retí onítọ̀hún ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Kò ní jà, kò ní bínú sójú. Yóò ní iṣẹ́ ló wọ òun lọ́rùn. Bí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ṣe ń tú nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ariwo. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ṣe aláìlágbára jù nínú yín ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n gbogbo ìrìn, láti orí aago tí ẹ máa gbéra títí dé orí owó tí ẹ máa dá.

Ọ̀nà Ìlọrin sí Èsìẹ́ la fi ń ṣàpẹẹrẹ: Gánmọ́, Ìdòfíàn, Àjàṣẹ́-Ìpo, Òrò, kí ẹ tó yà wọ Èsìẹ́. Ó bá ọkọ̀ àgbà mu. Kò jìnnà jù, ìlú sì wà lójú ọ̀nà tí ẹ ti lè rí omi àti mẹkáníìkì. Ohun gidi sì ń bẹ níbi tí ẹ ń lọ: Èsìẹ́ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, 1945 ni wọ́n ṣí i, àwọn ère òkúta inú rẹ̀ sì lé ní 1,000.

Ọjọ́ àti aago

Ní Ìlọrin, Jímọ̀ kò ṣeé ṣe, Sọ́ńdè sì jẹ́ ti àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Sátidé ló kù, òun náà sì ni ọjọ́ ìgbéyàwó àti wòlímọ̀. Ẹ mú Sátidé kejì nínú oṣù, kí ẹ má sì yí i padà. Ẹ fi Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù sílẹ̀ nítorí ìmọ́tótó àyíká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ni kí ẹ kéde, torí ẹni tí kábúrétọ̀ rẹ̀ ń jò nílò àsìkò láti wá gásíkẹ́ẹ̀tì.

Nínú oṣù Ràmàdáánì, ẹ má jáde lọ́sàn-án. Ọkọ̀ tí kò ní ẹ́sì, tí ẹni tó ń wà á kò sì lè fi omi kan ẹnu, ìyà lásán ni. Ìṣínu ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ pàdé nílé ọmọ ẹgbẹ́ kan kí Màgàríbì tó tó, kí àwọn Kírísítẹ́nì inú ẹgbẹ́ sì bójú tó oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Kò sí ohun tó ń so ẹgbẹ́ pọ̀ tó èyí.

Aago 7 àárọ̀ ni kí táyà máa yí. Ẹ́ńjìnì Ìjàpá (Volkswagen Beetle), atẹ́gùn ló ń tù ú. Rédíétọ̀ Pijó 504 tó ti pẹ́ sì ti máa ń dí nínú. Oòrùn aago 12 sí 3 kì í ṣe ọ̀rẹ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ ṣètò kí ẹ ti padà sí Ìlọrin ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, torí iná iwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí kò tan ọ̀nà tó.

Ẹ má pàdé ní Gárèjì Ọ̀fà, ẹ ò ní rí àyè. Ẹ wá ilé epo tó fẹ̀ lẹ́yìn Gánmọ́, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ máníjà ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ sì ra epo yín níbẹ̀. Epo inú táńkì kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì. Ìpẹtà táńkì àtijọ́ máa ń wà nísàlẹ̀. Bí epo bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ́ńjìnì á fa ìdọ̀tí náà wọ kábúrétọ̀.

Ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú

Ẹ má fi ìyẹ̀wò sí àárọ̀ ọjọ́ ìrìn. Ẹ pàdé ní ọgbà ẹnì kan ní Sátidé tó ṣáájú, kí ẹ bá ara yín wo ọkọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì lè rìn ti ń di ọmọ ẹgbẹ́ gidi.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí táyà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wá lẹ́tà DOT. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ orí rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó bá ti lé ní ọdún 10, ẹ má fi rìn, bó ti wù kí eyín rẹ̀ ga tó. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í rìn púpọ̀, torí náà eyín táyà kì í jẹ, àmọ́ rọ́bà rẹ̀ á gan, á sì bẹ́ lójú eré. Táyà tókunbọ̀ ló sábà máa ń ní ìṣòro yìí.

Lẹ́yìn náà, rọ́bà tí epo ń gbà. Òun ló ń jó Ìjàpá. Ó kọjá lókè ẹ́ńjìnì gbígbóná lọ sí kábúrétọ̀. Bó bá là, epo á máa kán sórí ibi tí iná pulọ́ọ̀gì ti ń tà. Ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ẹ ká a díẹ̀. Bó bá le bí igi, tàbí tí ẹ rí ìlà kéékèèké lára rẹ̀, ẹ gé e sọnù, kí ẹ fi tuntun tó ní ihò 5 mm sí i, pẹ̀lú kílíìpù lórí méjèèjì. Ẹni tí kò bá tíì pààrọ̀ tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bá yín jáde, kódà bó jẹ́ alága ẹgbẹ́.

Bẹ́líìtì fáànù Ìjàpá yẹ fún àlàyé, torí bó bá já, kì í ṣe bátìrì nìkan ni kò ní gba iná mọ́. Fáànù tó ń tu ẹ́ńjìnì náà dúró nìyẹn. Bí iná pupa jẹnẹrétọ̀ bá tàn lójú eré, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dé abúlé tó wà níwájú.

Bí ẹ ṣe máa fún un rèé. Kí ẹ́ńjìnì tutù. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì láàárín púlì òkè àti ti ìsàlẹ̀: bíi 15 mm ni kó wọlé. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti dẹ̀. Púlì òkè jẹ́ abọ́ méjì tó kojú síra. Ẹ ti ojú sìkùrùdíráfà bọ ihò kékeré tó wà létí abọ́ inú, kí ẹ jẹ́ kó fara ti orí bọ́tù jẹnẹrétọ̀ kí púlì má baà yí, kí ẹ wá fi sípánà 21 mm tú nọ́ọ̀tì àárín. Bí ẹ bá yọ abọ́ ìta, ẹ máa rí àwọn wáṣà pẹlẹbẹ láàárín abọ́ méjèèjì. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò: abọ́ méjèèjì á súnmọ́ra, bẹ́líìtì á gun òkè, á sì le. Wáṣà tí ẹ yọ, ẹ fi í síta lábẹ́ nọ́ọ̀tì kó má baà sọnù, torí ẹ máa nílò rẹ̀ bí ẹ bá fi bẹ́líìtì tuntun sí i. Bí ẹ ṣe ń fún nọ́ọ̀tì, ẹ máa yí púlì díẹ̀díẹ̀ kí abọ́ méjèèjì má baà há bẹ́líìtì mọ́ra. Lẹ́yìn 100 kìlómítà, ẹ tún un yẹ̀ wò; bẹ́líìtì tuntun máa ń nà.

Lára 504, ẹ wo họ́ọ̀sì rédíétọ̀ tòkè àti tìsàlẹ̀: bó bá wú tàbí tó rọ̀ bí ẹran, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Omi bírékì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì, torí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, omi náà á sì hó nígbà tí bírékì bá gbóná.

Àpótí ẹgbẹ́

Àpótí kan ṣoṣo ni kó wà, nínú ọkọ̀ tó máa gbẹ̀yìn. Ohun tó sábà máa ń dá ọkọ̀ dúró ni kí ẹ kó sínú rẹ̀: bẹ́líìtì fáànù Ìjàpá àti ti 504, kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà, pulọ́ọ̀gì mẹ́rin, wáyà kíláàṣì àti wáyà ìtẹpo Ìjàpá, mítà méjì rọ́bà epo, fíúsì, téèpù, wáyà tínńrín, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì lítà 4, ìgò omi bírékì kan, omi lítà 20, okùn ìfàkọ̀, wáyà bátìrì, àti pákó tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ jáàkì kó má rì sínú iyẹ̀pẹ̀. Sípánà 10, 13, 17, 19 àti 21 á tó fún ọ̀pọ̀ wọn. Bí MGB tàbí ọkọ̀ asáré míràn láti Gẹ̀ẹ́sì bá wà nínú yín, ẹ ní láti fi sípánà oní-íǹṣì kún un. 13 máa ń wọ ibi tí ½ ti yẹ, àmọ́ ó máa ń jẹ etí nọ́ọ̀tì.

Lórí bátìrì, ẹ ṣọ́ra gidi. Ìjàpá tó dàgbà ju 1967 lọ lè jẹ́ oní-fóòtì (volt) 6. Bí ẹ bá fi oní-12 gbé e dìde, ẹ ti jó gílóòbù rẹ̀ nìyẹn. MGB àkọ́kọ́ títí di 1967, orí pọ́sítíìfù ló so mọ́ bọ́dì, kì í ṣe nẹ́gátíìfù. Ẹ bi ẹni tó ni ọkọ̀ léèrè kí ẹ tó so wáyà kankan. Ẹ kọ fóòtì kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìderí àpótí.

Fáyà ẹ̀kísítíńgúíṣà àti tíráyáńgù kò sí nínú àpótí ẹgbẹ́: ti olúkálukú ni, nínú ọkọ̀ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ á ti tó o. Ìwé ọkọ̀ àti ìwé ìbánigbófò (ínṣọ́ránsì) náà bẹ́ẹ̀.

Lójú ọ̀nà

Bí ẹ bá ju ọkọ̀ márùn-ún lọ, ẹ pín sí ọ̀wọ́ méjì, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà láàárín wọn. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ gígùn máa ń mú kí awakọ̀ tírélà àti bọ́ọ̀sì bínú, ìbínú wọn ló sì ń mú wọn yọrí síta níbi tí kò yẹ. Ẹ fi àyè tí ọkọ̀ míràn lè wọ̀ sílẹ̀ láàárín ara yín.

Ẹni tó mọ ọ̀nà ló máa ṣáájú. Ọkọ̀ tó ń falẹ̀ jù ló máa tẹ̀ lé e, kí ẹni tó ṣáájú lè máa rí bó ṣe ń wọ́. Ọkọ̀ asáré, Celica ni o, Karmann Ghia ni o, ẹ̀yìn ni kó wà. Ẹni tó ni wọ́n kì í fẹ́ràn èyí, àmọ́ bó bá wà níwájú, á sáré láìmọ̀. Kìlómítà 60 sí 70 láàárín wákàtí tó. Mẹkáníìkì àti àpótí wà nínú ọkọ̀ ìkẹyìn, kò sì gbọdọ̀ kọjá ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó rí.

Olúkálukú ló ni ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i nínú dígí, ẹ dín eré kù. Bí ẹ kò bá tíì rí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ẹ dúró. Ẹni tó wà níwájú yín náà á rí i pé ẹ dúró, òun náà á dúró. Níbi tí ọ̀nà ti pín ní Àjàṣẹ́-Ìpo, tí apá kan lọ sí Ọ̀fà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ yà láìjẹ́ pé ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ rí i.

Ẹ má tan iná ìtọ́kasí méjèèjì lójú eré. Iná yẹn kò fi yín hàn bí èèyàn pàtàkì. Ńṣe ló ń bo iná ìyàkọ̀ yín mọ́lẹ̀. Iná iwájú nìkan ni kí ẹ tàn.

Ẹ dúró ní Ìdòfíàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí olúkálukú sọ̀ kalẹ̀, kó wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá nǹkan ń kán, kó fi ọwọ́ kan àárín táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó gbóná ju àwọn yòókù lọ, bírékì rẹ̀ ti há.

Bí ọkọ̀ kan bá kú

Ẹni tó ni ọkọ̀ àti mẹkáníìkì nìkan ni kó dúró tì í. Àwọn yòókù, ẹ lọ síbi tó ní ibòji, kí ẹ fún àwọn ọmọ lómi. Bí èèyàn mẹ́jọ bá yí ẹ́ńjìnì ká, tí kálukú ń sọ tirẹ̀, àtúnṣe kọ́ńtáàtì tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ á di wákàtí kan. Ẹ má yà á ní fọ́tò. Ẹ má sọ pé “Ṣé mi ò wí?”. Kódà bí àbúrò ló ni ọkọ̀ náà, tí ẹ̀gbọ́n sì ti kìlọ̀ fún un, ẹ fi ìkìlọ̀ sí ọjọ́ míràn.

Bí Ìjàpá tàbí 504 bá kú nínú ooru tí epo sì wà, tí iná sì ń ta, ó lè jẹ́ pé epo ti di oru nínú pọ́ńpù. Ẹ da omi sórí àkísà, ẹ fi wé pọ́ńpù epo, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 15. Rédíétọ̀ tó ń hó ni kí ẹ má fọwọ́ kan títí ìderí rẹ̀ á fi ṣeé dì mú.

Ìṣẹ́jú 30 ni àdéhùn. Bí kò bá dìde nígbà náà, ẹ fà á dé ìlú tó súnmọ́ jù. Ọkọ̀ ìkẹyìn àti ọ̀kan míràn á dúró tì í, ẹni tó ni ọkọ̀ á sì wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn dé Èsìẹ́. Kó má jókòó ti ọkọ̀ rẹ̀ títí tí ẹ ó fi padà. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó.

Ohun tí ẹnikẹ́ni bá mú nínú àpótí, irú rẹ̀ gan-an ni kó dá padà ní ìpàdé tó kàn, kì í ṣe owó. Owó á wọ àpò ẹgbẹ́, wọ́n á ná an, iye tí wọ́n sì fi ra bẹ́líìtì lóṣù yìí kò ní ra á lóṣù mẹ́ta sí i. Owó ọkọ̀ ìgbékọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ san ìdajì. Ìdáwó oṣooṣù ni kí ẹ fi tọ́jú èyí, kí akápò sì máa ka iye tó kù sí etígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan.

Ní Èsìẹ́

Ẹ fi ìwé ṣáájú sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ẹ sì lọ kí ọba ìlú kí ẹ tó to ọkọ̀ síta. Ọkọ̀ mẹ́wàá tó dé lójijì á kó gbogbo ọmọ àdúgbò jọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó, kí wọ́n jókòó sínú ọ̀kan tí ẹni tó ni ín bá gbà, kí ẹ dáhùn ìbéèrè wọn. Àmọ́ kò sí kúlà tàbí abọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni, ẹni tó sì bá ní bẹ́líìtì onírin nídìí kò gbọdọ̀ fara ti ọkọ̀.

Ilé ni kí oúnjẹ ti wá: wàrà, mása, mọ́ínmọ́ín, kúnú nínú kúlà. Àwọn ìyàwó yín kò wá láti wá dáná fún ẹgbẹ́. Ẹ pín in kárí ilé. Nígbà tí Àyìlà bá tó, ẹ ti yẹ kí ẹ wà níbi tí omi àlùwàlá wà. Àwọn tí kò kírun á ṣọ́ ọkọ̀.

Aago 2:30 ni kí ẹ máa palẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá dé Ìlọrin, kálukú á fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ pé òun ti wọlé. Ẹni tó wa ọkọ̀ ìkẹyìn kò ní bọ́ bàtà títí ọ̀rọ̀ ẹni tó kẹ́yìn á fi dé.