Bí mo ṣe tọ ipasẹ̀ Coleridge-Taylor ká Croydon

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní West Croydon, ní gúúsù London, n kò sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni Samuel Coleridge-Taylor, olórin ayé àtijọ́, ṣubú sí lóṣù kẹjọ ọdún 1912, tí wọ́n gbé e lọ sílé tí kò sì dìde mọ́. Bí mo ṣe gbọ́, mo ya Sátidé kan sọ́tọ̀ láti tọ ọ̀nà rẹ̀, láti ilé dé sàréè.

Òun ló kọ Hiawatha, orin ńlá fún ẹgbẹ́ akọrin, tó gba gbogbo Ìlú Ọba kan. Dókítà ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀, Croydon ni wọ́n ti tọ́ ọ.

Ojúlé 30, Dagmar Road, ní South Norwood ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àmì roboto aláwọ̀ búlúù tó ń sọ pé ó gbé ibẹ̀ rí wà lára ògiri. Àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀ o, ẹ má lọ kanlẹ̀kùn. Òdìkejì títì ni mo dúró sí. Mo wọ bọ́ọ̀sì wá sáàárín ìgboro, mo kọjá lára ilé àwọn arúgbó tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Whitgift dá sílẹ̀ ní 1596, n kò dúró. St Leonard's Road ni mo ń lọ, níbi tí òtútù àyà ti pa Coleridge-Taylor ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1912, ẹni ọdún 37.

Ohun tó ń dùn mí di báyìí ni pé gíní (owó àtijọ́ Ìlú Ọba) 15 péré ni wọ́n san fún un lórí apá àkọ́kọ́ Hiawatha. Ìwé orin náà tà wàràwàrà, kọ́bọ̀ kò kàn án mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí àwọn olórin dá ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ wọn sílẹ̀ ní 1914. Ó ti kú nígbà yẹn.

Láti West Croydon, ibùdókọ̀ kejì ni Wallington. Mo sọ̀ níbẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn dé itẹ́ òkú Bandon Hill tí wọ́n sin ín sí. Mo ṣìnà láàárín àwọn sàréè, àfìgbà tí ìyá àgbà kan tó ń bomi rin òdòdó nawọ́ ibẹ̀ sí mi. Wọ́n fín ìlà orin Hiawatha sára òkúta rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo gbọ́ "Oloba" lórí fóònù. Orin Yorùbá ni! Ó wà lára orin dùùrù 24 tó gbé jáde ní 1905. Ìyáàfin Victoria Randle ará Èkó ló fún un lóhùn orin náà. Ọmọ Àìná ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Dàhómì, tí àwọn òyìnbó wá ń pè ní Sarah Forbes Bonetta. Omi bọ́ lójú mi.

Mo ti fi orin náà ránṣẹ́ sí màmá mi n'Íbàdàn. Wọ́n ní àwọn yóò gbé e fún àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́, bóyá ẹnìkan ṣì mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.