Bí a ṣe ń bá ẹni tó ń mu paraga rìn títí yóò fi jáwọ́

Àwọn awakọ̀ n'Ìbàdàn ni mo máa ń gbà nímọ̀ràn jù, àwọn tó ń da paraga sẹ́nu ní gáréèjì kí wọ́n tó jókòó sídìí ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọkàn ẹni náà dé. Ìpele ìpele ni ọkàn ń gbà kéèyàn tó jáwọ́ nínú àṣà. James Prochaska àti Carlo DiClemente, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ló to àwọn ìpele yìí, nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1983 lórí àwọn tó ń fi sìgá sílẹ̀. Ìmọ̀ràn tó bá yá ju ọkàn onítọ̀hún lọ, ńṣe ló ń lé e sá.

Àwọn kan wà tí wọn ò tíì rí i pé nǹkan kan ń ṣe àwọn. Ìyàwó wọn ló fà wọ́n wá. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ní kí wọ́n sọ bí ọjọ́ wọn ṣe ń lọ láti ìdájí, kí ẹ sì gbọ́.

Ọ̀dọ̀ ọlọ́kàn méjì niṣẹ́ pọ̀ sí. Á ní, "Mo fẹ́ fi í sílẹ̀, àmọ́ jẹ̀díjẹ̀dí ò ní jẹ́ kí n jókòó." Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù lórí apá àkọ́kọ́, apá kejì ni yóò máa gbèjà. Ẹ jẹ́ kó sọ méjèèjì tán. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé: "Bàbá, láti oókan dé mẹ́wàá, báwo ni jíjáwọ́ yìí ṣe jẹ yín lógún tó?" Bó bá pe mẹ́rin, ẹ má béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ mẹ́wàá, torí àwáwí lẹ máa gbọ́. Ẹ béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ oókan. Ẹnì kan dá mi lóhùn pé, "Àǹtí, ọmọ mi ò fẹ́ wọ ọkọ̀ mi mọ́." Mo dákẹ́ díẹ̀, mo wá ní, "Ẹ̀rù ọkọ̀ yín ń ba ọmọ yín." Òun fúnra rẹ̀ ló dá ọjọ́ tó máa jáwọ́.

Bó bá ti dá ọjọ́, "màá gbìyànjú" ò tó. Ọ̀nà wo ló máa gbà tí kò fi ní kọjá níwájú ìyá oníparaga? Kí ni yóò mu láàárọ̀? Ta ni yóò sọ fún? Ẹ sì rí i dájú pé ẹ béèrè bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń rí bó bá jí. Bó bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn títí yóò fi mu ún, ẹ má ní kó dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà: gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Dókítà ló kàn. Ilé ìwòsàn Aro l'Abẹ́òkúta ń tọ́jú irú wọn.

Lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà, ẹ lè jẹ́ kó jìnnà síra díẹ̀.

Bó bá tún mu ún, ìtìjú ò ní jẹ́ kó wá. Ẹ pè é. Ẹ béèrè ibi tó ti mu ún, àwọn tó wà níbẹ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Bó bá jẹ́ òde ìnáwó ni wọ́n ti gbé e lé e lọ́wọ́, ẹ jọ múra sílẹ̀ de òde tó ń bọ̀: ẹ ṣe bí ọ̀rẹ́ tó ń fi ọtí lọ̀ ọ́, kí ó sì dá yín lóhùn sókè, títí yóò fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.