Ìkòkò Agolo àti Ìdí-Afẹ́fẹ́ fún Sítóòfù Ìpàgọ́ Àtijọ́

Sítóòfù bíi Svea 123, tó jáde ní Swídìn ní 1955, kì í ṣe ohun fífúyẹ́. Òun nìkan tó ìdajì kílò. Kò sí ohun tí a lè gé kúrò lára rẹ̀, nítorí náà ìkòkò, ọmọrí àti ìdí-afẹ́fẹ́ (ohun tó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà) ni ẹni tó bá fẹ́ kí ẹrù fúyẹ́ máa dojú kọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú àlùmọ́gàjí, ẹ mọ̀ pé abẹ́ iná gan-an ni táǹkì epo wà. Sítóòfù yìí kì í lo pọ́ǹpù. Ooru tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ojú iná ló ń ti epo sókè. Bí ooru yẹn bá kéré jù, iná á rẹ̀wẹ̀sì. Bó bá pọ̀ jù, fáàfù tó wà lára ìdérí táǹkì á ṣí, epo á tú jáde, iná á sì gbá a mú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkòkò. Agolo ọtí alumíníọ̀mù 500 ml ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ gbé, torí kò tó 20 gíráàmù. Fún sítóòfù yìí, ẹ fi í sílẹ̀. Ara rẹ̀ ò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6.6 lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni iná á sì máa gbà kọjá. Ó tún tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí omi bá gbẹ nínú rẹ̀, ó lè yọ́: 660°C ni alumíníọ̀mù ń yọ́.

Agolo irin tí wọ́n fi di oúnjẹ ló yẹ, èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, tó sì ga tó 12. Ó ń gba nǹkan bíi 900 ml, ṣùgbọ́n ẹ má rọ omi ju 700 ml sí i, kó má baà hó dànù. Bí mágnẹ́ẹ̀tì bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa: bó bá funfun tàbí tó pọ́n bíi wúrà, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Èyí tó ń dán lásán ni kí ẹ mú. Táńganran (tin) ló ń dán yẹn, 232°C péré ló sì ń yọ́, torí náà ẹ má gbé ìkòkò yìí ka iná ní gbígbẹ, ẹ má sì fi dín nǹkan. Bí omi bá ti wà nínú rẹ̀, ooru rẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi 100°C lọ.

Ẹ fi pínsà tẹ etí agolo tó mú mọ́lẹ̀ sínú, kí ẹ wá fi sáńpéépà pa á títí ìka á fi lè yí i ká láìfarapa. Ẹ ki igi sínú agolo kó má baà wọ̀, kí ẹ wá fi ìṣó lu ihò méjì tó dojú kọra, sẹ̀ǹtímítà kan sí etí. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ tí kì í dípẹtà, tó nípọn tó mìlímítà 2, ni ọwọ́ rẹ̀. Ẹ gé e sí sẹ̀ǹtímítà 22, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí òṣùmàrè, kí ẹ yí orí méjèèjì wọ inú ihò. Wáyà tí wọ́n fi síǹkì bò kò dára nítòsí iná, èéfín rẹ̀ léwu.

Ọmọrí rọrùn: ẹ ká fóìlì alumíníọ̀mù ní ìlọ́po méjì, ẹ gé e róbótó sí sẹ̀ǹtímítà 12, kí ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ wálẹ̀. Ihò kan tó mìlímítà 3 tó fún oru.

Ìdí-afẹ́fẹ́ ló ń bàjẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Wọ́n á ká páànù yí gbogbo sítóòfù po, láti ilẹ̀ dé ẹnu ìkòkò, bí ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe é fún sítóòfù tí ìgò gáàsì rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn. Ooru á wá há mọ́ ara táǹkì. Ohun tó yẹ ni kí ògiri náà dúró lókè táǹkì. Ẹ gé páànù alumíníọ̀mù 0.3 mm róbótó sí sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ wọn ilé iná idẹ náà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ tí ìkòkò ń jókòó lé, kí ẹ lu ihò sáàárín páànù tó fi sẹ̀ǹtímítà kan kéré sí i. Ẹ wá gé etí ihò náà wọnú ní mìlímítà 5 káàkiri, kí ẹ tẹ àwọn eyín tó yọ sísàlẹ̀, kí wọ́n lè di ilé iná mú. Ẹ ṣọ́ra kí páànù náà má dí ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná á pupa rúsúrúsú, á sì máa fi èédú kun ìkòkò.

Ògiri rẹ̀ jẹ́ páànù sẹ̀ǹtímítà 31 ní gígùn, 9 ní gíga, tí a tẹ̀ sórí páànù róbótó náà. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló yí ká, àyè sẹ̀ǹtímítà 1.5 sì wà láàárín rẹ̀ àti ìkòkò. Ojú tó ṣí ni ẹ ó kọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ò ti wá, níbi tí ọwọ́ á ti dé kọ́kọ́rọ́ iná.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti dán gbogbo rẹ̀ wò, pẹ̀lú omi, kì í ṣe nínú àgọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ fi ìka kan táǹkì: bí ìka ò bá lè dúró níbẹ̀, ooru ti pọ̀ jù. Ẹ dín iná kù, kí ẹ sì dín ògiri náà kù. Bó bá tutù tí iná sì ń kú lọ, ẹ gbé sítóòfù náà sórí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ilẹ̀ má baà máa fa ooru lára rẹ̀.

Bí omi bá ti hó, ẹ gbé ìkòkò sọ̀, ẹ pa iná, kí ẹ wá fi aṣọ fóìlì tó ní rọ́bà oníhóró afẹ́fẹ́ nínú, irú èyí tí wọ́n ń fi dí oòrùn lójú gíláàsì mọ́tò, yí i ká: sẹ̀ǹtímítà 34 ní gígùn, 12 ní gíga, tí a fi téèpù alumíníọ̀mù lẹ̀. Oúnjẹ á máa jinná fúnra rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ ò gbé e padà sórí iná pẹ̀lú aṣọ náà lára.