Akọ ni gbogbo ẹ̀: bí mo ṣe dá àjàrà igbó padà sétí odò ní Missouri

Bí ẹ bá rí ọgbà ọ̀gbìn tó ń ta Vitis rupestris, ìyẹn àjàrà igbó tó ń hù lórí òkúta etí odò, ẹ bi wọ́n bóyá akọ ni àbí abo kí ẹ tó yọ owó. Bí wọn ò bá mọ̀, ẹ máa bá tiyín lọ. Èyí tí wọ́n tà fún mi, oríṣi kan tó ń jẹ́ St. George ni, tí àwọn ará Faransé ń pè ní Rupestris du Lot. Láti ara igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn láti ọ̀rúndún 19, akọ sì ni igi náà. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò lè so láéláé. Àjàrà tún máa ń lo ọdún méjì sí mẹ́ta kó tó yọ òdòdó, nítorí náà owó ti wọlé, wáyà ti wọlé, omi ti wọlé, kí àṣírí tó tú. Mo hú gbogbo wọn, torí bí àtíkè òdòdó igi kan náà bá di bàbá gbogbo ọmọ tó wà létí odò, ìdílé wọn ti há jù. Húhú ọ̀hún gan-an, ẹ má wulẹ̀ bi mí: gbòǹgbò rupestris kì í tẹ́ sílẹ̀, ńṣe ló ń rì lọ sísàlẹ̀ tààrà.

Torí gbòǹgbò yẹn náà ni ayé ṣe mọ̀ ọ́n. Nígbà tí phylloxera, kòkòrò tó ń jẹ gbòǹgbò àjàrà, ń pa ọgbà àjàrà Faransé run, Hermann Jaeger láti Missouri àti T. V. Munson láti Texas wà lára àwọn tó fi ẹ̀ka àjàrà igbó ránṣẹ́ síbẹ̀. Títí di òní, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú 3309 Couderc, 110 Richter àti 1103 Paulsen, àwọn àjàrà tí wọ́n ń lo gbòǹgbò wọn, tí wọ́n sì ń lọ́ ẹ̀ka àjàrà wáìnì mọ́ káàkiri ayé. Ní ilé rẹ̀ ńkọ́? Indiana àti Kentucky ti kà á mọ́ ọ̀gbìn tó wà nínú ewu, bẹ́ẹ̀ ni ní Texas, níbi tí èyí tí Scheele, onímọ̀ ọ̀gbìn, fi ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1848 ti wá, kékeré kọ́ lojú ń wá a.

Kì í gun igi bí àjàrà yòókù. Orí òkúta wẹ́wẹ́ tí odò kó jọ, nínú oòrùn gangan, ló ń bà sí, ní agbègbè olókè Ozark ní Missouri, Arkansas àti Oklahoma. Òjìji ló ń pa á. Àgbàrá tó ń gbá igi ńlá lọ ló ń ṣí oòrùn sílẹ̀ fún un, ìdí nìyẹn tí dáàmù fi burú fún un ju ọ̀gbẹlẹ̀ lọ: omi ò kún mọ́, igi hù bo orí òkúta, ó tán. Àwọn tó ń kó òkúta odò tà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, màlúù sì máa ń jẹ ewé rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti dá mi dúró nìyí o. Ìgbà òtútù ni ẹ̀ka ṣeé gé, ṣùgbọ́n nígbà náà kò sí ewé, kò sí òdòdó, akọ àti abo ò sì yàtọ̀. Nígbà tí òdòdó bá yọ, nǹkan bí oṣù Karùn-ún, ẹ̀ka ò tíì ṣeé gé. Ẹnì kan ní kí n wo ìdì èso tó gbẹ sórí ẹ̀ka, ṣùgbọ́n odò àti ẹyẹ ti kó wọn lọ. Àfi kéèyàn lọ sàmì sí i nígbà òdòdó, kó tún padà wá lóṣù Kejì.

Òdòdó àjàrà ní fìlà tó ń já bọ́. Kí fìlà yẹn tó já, ẹ má fi ojú yín ṣòfò. Tó bá já, ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó: ti akọ, àwọn okùn tó gbé àtíkè dúró ṣánṣán, kò sì sí ọmọ èso láàárín wọn, ti abo, àwọn okùn náà ká sẹ́yìn wá sísàlẹ̀, ọmọ èso sì yọ rùbùtù bí ìgò kékeré. Ọjọ́ díẹ̀ ni àyè yẹn ń wà. Òjò ńlá kan lè fi gbogbo rẹ̀ ṣòfò di ọdún tó ń bọ̀, inú sì bí mi sí òjò ju bó ṣe yẹ lọ. Irin pẹlẹbẹ tí ẹ fín nọ́ńbà sí ni kí ẹ fi wáyà so mọ́ ìdí igi tó ti gbó, kó má fún un lọ́rùn. Aṣọ aláwọ̀ pupa tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀ka, omi á já a lọ.

Nígbà kan náà ni kí ẹ yẹ ewé rẹ̀ wò, torí riparia, àjàrà igbó mìíràn, ń bá a lòpọ̀, ọmọ wọn sì pọ̀ létí odò. Ewé rupestris fẹ̀ ju bó ṣe gùn lọ, ó ń dán, kò nírun, ó sì ká pọ̀ lójú iṣan àárín bí ìwé tí wọ́n fẹ́ pa dé. Bí ẹ bá rí irun lójú iṣan, tàbí ọwọ́ ìtàkùn lọ́pọ̀ yanturu, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ onílẹ̀. Etí odò Current àti Jacks Fork tó wà lábẹ́ Ozark National Scenic Riverways, ẹ ò gbọdọ̀ gé nǹkan kan níbẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ.

Gígé rẹ̀ ò le: ẹ̀ka ọdún tó kọjá, tó sanra tó pẹ́ńsù, kò ṣòro láti mú gbòǹgbò jáde. Ẹ má gé ju méjì lọ lára igi kan, kí àwọn òbí lè pọ̀. Abo mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí akọ kan ni mo gbìn. Fún orí òkúta, 30 cm kò tó. Mo gé e tó 60 cm, mo fi ọ̀pá irin gún ihò títí ó fi kan iyanrìn tútù, mo tẹ̀ ẹ́ síhà ibi tí omi ń ṣàn lọ kí àgbàrá lè tẹ́ ẹ láì fà á tu, mo fi ojú ìhù kan sílẹ̀ lókè, mo wá da iyanrìn àti omi dí i kí afẹ́fẹ́ má ṣe wà nídìí rẹ̀. Èjìká òkìtì òkúta lápá òkè ni mo gbìn ín sí, lẹ́yìn òkúta ńlá, kì í ṣe létí omi gan-an.

Wáyà kọ̀ọ̀kan yíká igi kọ̀ọ̀kan nítorí màlúù, mi ò ṣe é mọ́. Igi tí àgbàrá ń gbé bọ̀ á há sí i, á sì fa wáyà àti àjàrà tu pọ̀. Òkè bèbè ni mo na wáyà ọgbà sí báyìí, níbi tí màlúù ti ń sọ̀ kalẹ̀, mo sì fi ẹnu ọ̀nà kan sílẹ̀ fún wọn láti mu omi nísàlẹ̀, níbi tí a ò gbin nǹkan sí.