Bí mo ṣe ń fi air fryer yan ọ̀pẹ̀yìnbó tí èérún orí ẹ̀ ò ní rin gbindin

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọ̀pẹ̀yìnbó lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ra air fryer torí adìyẹ àti dùndún, a ò wá fi ṣe nǹkan míì mọ́, bẹ́ẹ̀ ófùnù kékeré ni nǹkan yẹn o, iná ń gbóná lókè, fáànù ń fẹ́ ooru yẹn káàkiri inú ẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ara nǹkan gbẹ kó sì pọ́n láìlo òróró rẹpẹtẹ. Ohun tó bá lè yan adìyẹ á yan èso. Èyí tí mo fẹ́ ká jọ ṣe ni ọ̀pẹ̀yìnbó yíyan tá a da èérún fúláwà àti bọ́tà lé lórí, àwọn òyìnbó ń pè é ní crumble, àmọ́ tiwa á ní ẹ̀pà, á ní àgbọn, á ní atalẹ̀ díẹ̀ nínú.

Àpù ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é ní ìlú ọba, omi inú àpù kì í sì í tètè jáde bíi ti ọ̀pẹ̀yìnbó, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, bí wọ́n ṣe ń ṣe ti àpù ni mo tẹ̀ lé, mo kàn fi ọ̀pẹ̀yìnbó rọ́pò ẹ̀. Òkè ẹ̀ pọ́n, ó rẹwà, àmọ́ bí mo ṣe ti síbí bọ̀ ọ́ báyìí, abẹ́ èérún yẹn ti di ẹ̀kọ, omi ṣúgà kún ìsàlẹ̀ abọ́. Ó dùn mí gan torí àlejò màmá mi wà nílẹ̀. Látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé omi inú ọ̀pẹ̀yìnbó lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú ẹ̀, tíyẹn bá ti yanjú, gbogbo ìyókù ò le.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọjà. Ọ̀pẹ̀yìnbó kì í dùn sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e lóko, kẹ́ni kẹ́ni má sọ fún yín pé tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta á dùn. Kò dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó lè dénú ilé yín ní dúdú kó sì di oyin níbẹ̀, adùn tó gbé látoko náà ló ní, èèpo ẹ̀ lè pọ́n sí i, ara ẹ̀ lè rọ̀ sí i, ó parí síbẹ̀. Torí náà ẹ gbé e sọ́wọ́ kẹ́ ẹ fi wọn ìwúwo ẹ̀, kó wúwo ju bó ṣe tóbi lójú lọ, kẹ́ ẹ wá gbóòórùn ìdí ẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e, tí kò bá ti ta sánsán níbẹ̀ ẹ dá a padà, tó bá sì ń rùn bí ọtí ẹ yáa fi sílẹ̀, ó ti ń kan nínú nìyẹn. Àwọ̀ nìkan ò tó o. Ẹ̀yin ará orílẹ̀-èdè Benin á gbè mí lẹ́sẹ̀ níbi tí mo bá dé yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní pain de sucre, tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè Allada, èèpo ẹ̀ lè ṣì wà ní tútù kí inú ẹ̀ ti gbó, funfun ni inú ẹ̀, ó dùn, kò sì kan púpọ̀ rárá. Inú mi dùn nígbà tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ OAPI, àjọ tó ń dáàbò bo orúkọ ọjà ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan, ní 2021 pé ti Allada ni. Ṣùgbọ́n láti fi yan, èyí tó kan díẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, torí a ṣì máa fi ṣúgà sí èérún, tí kò bá sí kíkan kankan láti kojú ẹ̀, ṣúgà nìkan ló máa kún ẹnu yín.

Ẹ jọ̀ọ́, odidi ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tí wọ́n ti bó sínú ọ̀rá ní etí títì yẹn, ẹ̀ẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n ti gé e.

Ọ̀pẹ̀yìnbó kan tí kò tóbi jù, tẹ́ ẹ bá ti bó o tẹ́ ẹ sì ti yọ igi tó wà láàárín ẹ̀ kúrò, á ku nǹkan bíi gíráàmù 500, ìyẹn á tó èèyàn mẹ́rin. Ẹ rí i pé ẹ yọ gbogbo ojú dúdú yẹn, ó máa ń há sí èèyàn léyín. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ bí ìka àtàǹpàkò ọmọdé, kẹ́ ẹ má gé e kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ torí ooru á tún sún un kì. Ẹ bu ṣúgà síbí ìjẹun kan àti iyọ̀ fínńfín sí i, ẹ pò ó, ẹ dà á sínú asẹ́ tó jókòó lórí abọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Iyọ̀ àti ṣúgà yẹn ló máa fa omi ẹ̀ jáde, ẹ̀ ẹ́ rí i bí á ṣe máa kán tó-tó-tó, ó lè yà yín lẹ́nu bó ṣe máa pọ̀ tó.

Ẹ má da omi yẹn nù o! Ibẹ̀ ni adùn wà. Ẹ dà á sínú ìkòkò kékeré lórí gáàsì, ẹ rin atalẹ̀ tí ò ju orí ìka lọ sí i, ẹ jẹ́ kó hó títí á fi ku bí ìlàjì, kẹ́ ẹ wá fi omi tútù díẹ̀ po kọ́nfúláwà síbí kékeré kan, ẹ dà á sí i, ẹ máa rò ó, kò ní pé rárá tó fi máa ki bí oyin. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìyẹn la máa dà padà sórí èso tó bá yá.

Èérún wá ńkọ́? Fúláwà síbí ìjẹun méjìlá tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ẹ̀ kó tẹ́, ìyẹn bíi gíráàmù 100, ṣúgà síbí mẹ́rin, iyọ̀ díẹ̀, ẹ̀pà sísun tí ẹ ti gún lẹ́bẹlẹ̀bẹ síbí méjì, àgbọn rínrín síbí méjì. Bọ́tà gíráàmù 60, kó tutù dáadáa, látinú fíríìjì tààrà. Tí bọ́tà bá ti yọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan tẹ́ ẹ máa rí ni ìṣù kan ṣoṣo, kì í ṣe èérún. Ẹ fi orí ìka fọ́ bọ́tà yẹn mọ́ fúláwà, orí ìka nìkan o, àtẹ́lẹwọ́ ti gbóná jù, ẹ ṣe é títí á fi dà bíi gàrí tó ní ìṣù wẹ́wẹ́ nínú. Ìṣù wẹ́wẹ́ yẹn la fẹ́, ẹ má fọ́ ọ tán. Ẹ gbé e padà sínú fíríìjì.

Ní ti abọ́, mo máa ń lo abọ́ irin tàbí abọ́ fọ́ìlì tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ, fífẹ̀ bí íǹṣì mẹ́fà tàbí méje, kó sì ku àyè díẹ̀ láàárín abọ́ àti ara air fryer kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà. Ike rárá o. Bébà ìyankéèkì tí kò sí nǹkan tó wúwo lórí ẹ̀ náà, ẹ má fi síbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń mú un gbóná, fáànù á gbé e lọ lẹ̀ mọ́ iná lókè, ó lè gbaná lójijì.

Ó yá. Ẹ mú air fryer gbóná sí 200°C fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ da ọ̀pẹ̀yìnbó tó ti ro omi sínú abọ́, èso nìkan, láìsí èérún, láìsí omi ṣúgà, ẹ gbé e sínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ rú u lẹ́ẹ̀kan láàárín. Ìgbésẹ̀ yìí lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí. Ibí lomi tó kù ti ń gbẹ, etí èso á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, òórùn ẹ̀ á sì yí padà, á kúrò ní ti èso tútù, á máa dà bíi ti ṣúgà tí wọ́n dín. Ooru yìí náà ló ń pa bromelain, nǹkan inú ọ̀pẹ̀yìnbó tó máa ń ta èèyàn láhọ́n, ìdí nìyẹn tí àbúrò mi tí kì í lè jẹ ju ẹyọ méjì lọ ní tútù fi lè jẹ odidi abọ́ èyí tá a yan. (Ẹni tí ọ̀pẹ̀yìnbó máa ń mú kí ara ẹ̀ wú, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, kó má dán an wò.)

Ẹ gbé e jáde, ẹ da omi tó ti ki yẹn sórí ẹ̀, ẹ rò ó pọ̀, kẹ́ ẹ wá fọ́n èérún sí gbogbo ojú ẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn síbí tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣáà jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra torí fáànù yẹn lágbára, tí àgbọn àti ẹ̀pà ò bá lẹ̀ mọ́ra á fẹ́ wọn káàkiri, ibi tí wọ́n bá bọ́ sí ni wọ́n á ti jó, gbogbo ilé á sì máa rùn. Ẹ wá dín ooru kù sí 165, ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú méjìlá, kẹ́ ẹ yọjú wò ó ní ìṣẹ́jú kẹjọ. Air fryer yàtọ̀ síra, iná tèmi sún mọ́ abọ́ gan-an, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló máa ń tó o. Tó bá ti pọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ lókè tí ìṣẹ́jú ṣì kù, ẹ bo fọ́ìlì lé e, kẹ́ ẹ ká etí ẹ̀ mọ́ abọ́ kó má baà fò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ìwé ìdáná tí wọ́n kọ fún ófùnù, ẹ kàn yọ 20 kúrò nínú ooru tí wọ́n bá pè kẹ́ ẹ tètè máa wò ó.

Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó bù ú. Mo mọ̀ pé ó ṣòro torí òórùn yẹn, àmọ́ ṣúgà gbígbóná máa ń jó èèyàn lẹ́nu ju omi gbígbóná lọ, bó sì ṣe ń tutù ni omi ìsàlẹ̀ ń ki sí i. Màmá mi máa ń da mílíìkì tútù látinú agolo sórí tiẹ̀, èmi kọ́sítáàdì gbígbóná ni mo fẹ́ràn, tó bá wá bọ́ sí pé áísìkirîmù wà nílé, ẹ má bi mí.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́, torí mo mọ̀ pé wọ́n máa béèrè. Air fryer tèmi ń fa wáàtì 1500, tẹ́ ẹ bá sì ka ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n tó fi ṣiṣẹ́, kò tó yúníìtì kan lórí mítà, nǹkan bíi 0.6 ni. Àmọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tá à ń pè ní I pass my neighbour ò lè gbé e, ẹ má dán an wò, ẹ dúró kí wọ́n mú iná dé. Ẹ lè ṣe èérún àti omi ṣúgà sílẹ̀ láàárọ̀, tí iná bá ti dé, ó ku yíyan nìkan.

Tó bá jẹ́ máńgòrò lẹ fẹ́ lò, ẹ lo èyí tó ṣì le díẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú asẹ́ ti tó o. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n ò nílò asẹ́ rárá, ẹ kàn gé e, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kẹ́ ẹ sì dín ṣúgà èérún kù sí síbí méjì. Ìbẹ́pẹ ni mi ò lè gbà yín nímọ̀ràn lé lórí, mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, omi ẹ̀ pọ̀ jù, adùn ẹ̀ sì máa ń sá lọ nínú ooru.

Tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dé e, ẹ gbé e sí fíríìjì, á lo ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má fi microwave gbé e gbóná o, èérún á rọ̀ ni. Inú air fryer náà lẹ máa dá a padà sí, 160, ìṣẹ́jú mẹ́rin, á tún máa dún wómúwómú lẹ́nu bíi tàná.